Ẹ Má Gba Ẹsẹ̀ Lọ́wọ́ Àgbà

Alága ètò, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngán, ẹ kú ìjókòó o. Ìjókòó tí mo kí yín yìí gan-an ni mo wá bá jà lónìí.

Ata ni màmá mi tà fún nǹkan bí 40 ọdún. Wọ́n á gbé agbọ̀n lérí, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́jà, wọ́n á tún gun òkè bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́. Nígbà tí àwa ọmọ ríṣẹ́, a ní ó tó gẹ́ẹ́, a kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó kí wọ́n lọ sinmi. Òùngbẹ kò tíì gbẹ wọ́n tí ọmọ kan á ti gbé omi dé. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀, gbogbo ilé á pariwo pé, "Màmá, ẹ jókòó!" Ọ̀wọ̀ la rò pé à ń bù fún wọn. Kí ọdún kẹta tó pé, wọn ò lè dìde lórí àga mọ́ àfi bí ẹni méjì bá dì wọ́n lápá. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò títí, kò rí àrùn kankan. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mo fi ń jẹun; ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń kọ́ ní ìrìn lójoojúmọ́. Síbẹ̀ mo wà nínú àwọn tó ń pariwo "Ẹ jókòó."

Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìsinmi tí à ń fi bọlá fún àgbà ló ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mi ò fi orí ara mi sọ ọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wo bí iṣan ṣe ń ya, bó sì ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe, ohun tí wọ́n rí ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣan tí à ń wí, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń jẹ́ ohun mẹ́ta mẹ́rin lédè wa. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Okùn líle tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà ni. Èyí tí mo ń wí ni ẹran ara fúnra rẹ̀, èyí tó máa ń le gbandi bí ọmọkùnrin bá ká apá rẹ̀ kò kó lè fi ṣe fọ́rífọ́rí. Bí ẹ bá ti jẹ ẹran màlúù tó jiná dáadáa, ẹ ti rí bó ṣe ń ya ní fọ́nrán-fọ́nrán. Inú fọ́nrán tí eyín ń yà yẹn ni àwọn mìíràn tún wà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Àwọn wọ̀nyẹn ni sẹ́ẹ̀lì iṣan. Lọ́dún 1954, Huxley méjì tí wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn, Andrew àti Hugh, tẹ àlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature kan náà, kálukú pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n ní okùn inú sẹ́ẹ̀lì iṣan kì í sún kì fúnra rẹ̀. Ńṣe ni okùn méjì ń yọ́ wọnú ara wọn, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín ìka ọwọ́ òsì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibi tí okùn wọ̀nyí ti so mọ́ra ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí yóò tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Bí ẹ bá ń gùn ún, ẹ ó máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ó máa dúró, ẹ ó máa bi ara yín pé ta ló rán mi wá síbí. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín, ẹ ó máa ya fọ́tò. Ẹ̀rín yẹn kì í dé ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, kí ìdí tó kan àga, ẹ ó ti ké "yéè" lẹ́ẹ̀mejì. Gígùn kọ́ ló fa ìrora yẹn, sísọ̀ ni. Bí a bá ń gòkè, iṣan itan ń kúrú bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ń sọ̀, òun ni bíréèkì tí kò jẹ́ ká já lulẹ̀. Ó ń fà wá sẹ́yìn, ìwúwo ara wa sì ń nà án. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ tí a tún ń nà ni okùn inú rẹ̀ máa ń já.

Ọ̀pọ̀ kóòṣì lórí pápá ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ pé ásíìdì tó dúró sínú iṣan ló ń fa ara ríro ọjọ́ kejì. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Lactic acid tí wọ́n ń sọ kì í pẹ́ ju bíi wákàtí kan sí méjì lọ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn eré. Báwo ni ẹni tó ti kúrò nílé lálẹ́ àná yóò ṣe jalè nílé lówùúrọ̀ yìí? Ará Amẹ́ríkà kan, Theodore Hough, ti sọ ọ́ láti 1902. Ó ní kí àwọn èèyàn máa fi ìka kan fa ẹrù léraléra, ó wo irú ìrora tó ń dé lọ́jọ́ kejì, ó ní nǹkan ló ń ya nínú iṣan. Wọn ò kà á kún púpọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí 80 ọdún, Jan Fridén àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ní kí àwọn kan máa sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n wá gé bíńtín nínú iṣan ẹsẹ̀ wọn wò lábẹ́ maikirosikópù. Àwọn ilà tó yẹ kó tọ́ bí ti aṣọ òkè ti wọ́, wọ́n ti rú, àwọn ibòmíràn ti fọ́.

Bí ẹ bá padà lọ sí Ìdànrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìrora náà kò ní tó ti àkọ́kọ́. Àgbẹ̀ mọ èyí láìka ìwé kankan. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kọ ebè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, orin ló ń kọ lórí ebè. Iṣan náà ti tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì ti múra sílẹ̀ de ìgbà mìíràn.

Ta ló wá ń tún un ṣe? Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ọdún 1961 ni, ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Rockefeller ní New York. Alexander Mauro ń fi maikirosikópù tó lágbára jù nígbà náà wo iṣan ẹsẹ̀ àkèré. Ó rí ohun kékeré kan tó há sí ẹ̀gbẹ́ fọ́nrán iṣan, láàárín awọ rẹ̀ àti èèpo tó bò ó lóde. Ó wò ó dáadáa: sẹ́ẹ̀lì kan tó dá dúró ni, kì í ṣe ara fọ́nrán náà. Ojú ìwé mélòó kan péré ló fi kọ ọ́, ó sì béèrè níbẹ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ló ń sùn de ọjọ́ tí iṣan bá fara pa. Ìbéèrè yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ọ̀jọ̀gbọ́n. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tí Mauro fún un ni satellite, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé. Èmi ń pè é ní alábàágbé. Ó ń bá iṣan gbé, kò dá sí ohunkóhun, ó lè sùn báyìí fún ọdún púpọ̀.

Bí iṣan bá ya, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Wọn yóò jẹ pàǹtí tó wà níbẹ̀, wọn yóò gbálẹ̀. Ìdí nìyí tí ibẹ̀ fi ń wú tó sì ń gbóná. Nígbà náà ni alábàágbé yóò jí. Yóò pín ara rẹ̀, yóò di púpọ̀. Àwọn kan nínú wọn yóò lẹ̀ mọ́ fọ́nrán tó ya, wọn yóò di ara rẹ̀, àwọn mìíràn yóò para pọ̀ di fọ́nrán tuntun. Àwọn díẹ̀ yóò padà sí ẹ̀gbẹ́, wọn yóò tún sùn. Èyí tó padà lọ sùn yẹn ló ń yà mí lẹ́nu jù, torí bí gbogbo wọn bá lọ síṣẹ́ tán, ta ni yóò kù de ìjàǹbá mìíràn?

Lọ́dún 2011, ilé ìwádìí mẹ́ta, ó kéré tán, pa alábàágbé inú iṣan èkúté, wọ́n wá ṣe iṣan náà léṣe. Kò tún hù mọ́. Ọ̀rá àti àpá ló kún ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, àmọ́ lọ́dún yẹn kan náà, àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà rí i pé iṣan èkúté tí kò ní alábàágbé ṣì lè tóbi bí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyẹn ni pé títún iṣan tó fọ́ ṣe yàtọ̀ sí fífẹ iṣan tó yè lójú. Àríyànjiyàn lórí èyí kò tíì tán láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Lọ́dún 2021 ni àwọn onímọ̀ ní Portugal àti Spain wá fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ọ̀pọ̀ oríṣi sẹ́ẹ̀lì inú ara ní kókó kan ṣoṣo tó ń pàṣẹ nínú rẹ̀, bí baálé kan nínú agbo ilé. Fọ́nrán iṣan gùn débi pé baálé kan kò lè tó o. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ojú ibi kékeré kan bá ya lára fọ́nrán, àwọn kókó tó wà nítòsí yóò dìde ní ipò wọn, wọn yóò rìn lọ síbi tó ya, wọn yóò sì máa pàṣẹ àtúnṣe níbẹ̀. Wọn kì í dúró de alábàágbé. Ògiri kékeré ya, àwọn baálé fúnra wọn ló ká ṣòkòtò sókè lọ po amọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbi kẹ́mísì. Bí ara bá ti ń ro wá, a ti mọ ẹni tí à ń lọ bá ní ìkóríta, tó máa ń di oògùn oríṣi mẹ́rin sínú ọ̀rá kan fún wa. Ní ilé ẹ̀kọ́ Karolinska ní Sweden, wọ́n fi ọ̀dọ́ dán ibuprofen wò lọ́dún 2018. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni gbogbo wọn fi gbé irin. Iṣan itan àwọn tó lo mílígíráàmù 1200 lójúmọ́ tóbi sí i ní nǹkan bí 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àwọn tó lo aspirin bíńtín jẹ́ 7.5. Lára àgbà, ìwádìí kan lọ́dún 2011 rí òdìkejì rẹ̀, nítorí náà mi ò ní sọ ọ́ di òfin. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé ẹni tó ń fi oògùn ìrora ṣe ìpápánu ń fi inú àti kíndìnrín rẹ̀ ṣeré. Ìrora ọjọ́ kejì iṣẹ́ kì í ṣe àìsàn. Àwọn bíríkìlà ló dé sílé yẹn.

Àwọn Swede kan ló tún fún mi ní ohun tí mo fi ń bá àwọn ọmọ jà nílé àwọn òbí wọn. Jonas Bergström, dókítà ní Stockholm, ló sọ ọ́ di àṣà láti fi abẹ́rẹ́ nípọn kan yọ iṣan bíńtín lára èèyàn tó lajú sílẹ̀, láìṣe iṣẹ́ abẹ. Lọ́dún 1966, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Eric Hultman fi ara àwọn fúnra wọn ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ kan kalẹ̀. Ọ̀kan jókòó lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, kálukú ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wa kẹ̀kẹ́ náà, ẹsẹ̀ kejì ń sinmi. Ẹ wo dókítà méjì bí ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́yìnkùlé! Wọ́n wà á títí ó fi rẹ̀ wọ́n tán pátápátá. Wọ́n wá gún ẹsẹ̀ méjèèjì lábẹ́rẹ́. Ṣúgà tí iṣan ń tò pamọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Nínú èyí tó sinmi, ó pé bó ṣe wà. Fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ oníṣítáàṣì ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń gún ara wọn lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta yóò fi pé, ṣúgà inú ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ti tó ìlọ́po méjì ti ẹsẹ̀ tó sinmi.

Ẹnu kan náà ló jẹun. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló gbé e lọ sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ nìkan ni ara fún ní ẹ̀kún.

Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òtítọ́ ni, ní ti oúnjẹ, aṣọ àti owó oògùn. Àmọ́ ẹsẹ̀ kò sí nínú ohun tí ọmọ lè fún òbí. Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá tilẹ̀ ń sáré yí pápá ká láràárọ̀, iṣan itan màmá wa kò ní gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ara àgbà ti gbó, kò lè tún ara rẹ̀ ṣe mọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, alábàágbé ń dín kù, oorun rẹ̀ sì ń wúwo sí i. Ṣùgbọ́n kò kú. Irina Conboy, Thomas Rando àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Stanford so èkúté àgbà pọ̀ mọ́ èkúté ọmọdé lọ́dún 2005 kí ẹ̀jẹ̀ kan náà lè máa yí nínú méjèèjì; iṣan èkúté àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe dáadáa. Mo mọ ilẹ̀ tí mo wà, nítorí náà mo yára sọ ọ́: ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kọ́ ni oògùn tí mo ń polówó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì àgbà ṣì ń gbọ́ bí ìpè bá dé.

Ìpè tí kò la ẹ̀jẹ̀ lọ wà. Lọ́dún 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé ìtọ́jú àgbà kan ní Boston. Ẹni mẹ́wàá ni wọ́n mú, ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 86 dé 96. Kì í ṣe àwọn àgbà tó le kokooko. Aláìlera ni wọ́n, ẹlòmíràn ti ṣubú rí, àìsàn oríṣiríṣi ló sì ń bá wọn fínra. Wọn ò ní kí wọ́n máa na apá bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Irin ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sì tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún èyí tí kálukú lè gbé jù lọ. Ẹnìkan yọ kúrò, mẹ́sàn-án parí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, agbára ẹsẹ̀ wọn ti fi 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ẹni tó ń gbé kílò mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ ti ń gbé 27, ìyẹn ni pé ó ti lé ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Méjì nínú wọn gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ sílẹ̀.

Títóbi iṣan itan wọn kò ju 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ibo ni agbára tó kù ti wá? Láti inú ọpọlọ àti okùn tó ń gbé ìròyìn rẹ̀ dé inú iṣan ni. Iṣan tó ti pẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ dà bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ti gbàgbé nọ́ńbà fóònù wọn. Nígbà tí ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Arkansas, àwọn olùwádìí kan tẹ́ àwọn àgbà tí ara wọn dá ṣáṣá sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 67. Wọ́n ń jẹun, kò sí ibà, kò sí ọgbẹ́. Ní ọjọ́ mẹ́wàá péré, ẹsẹ̀ wọn ti pàdánù nǹkan bíi kílò kan ẹran. Ẹ ro ti bàbá tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí àwọn ọmọ gbé padà wálé, tí wọ́n wá tún ní kó dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ara yóò balẹ̀ lóòótọ́. Bàbá ni kò ní dìde.

Àṣà wa pàápàá ti bá wa kó sí i láìmọ̀. Ọmọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà láràárọ̀ ń ṣe ohun tí mo ń gba owó láti kọ́ èèyàn: ó fi apá sọ ara kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì fi apá àti itan gbé e dìde. Ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ ń ṣe bákan náà. Bí a bá ti wá dàgbà, àwọn ẹlòmíràn ló kù tó ń dọ̀bálẹ̀ fún wa. A fi iṣẹ́ náà lé ọmọdé tí kò nílò rẹ̀ lọ́wọ́, a sì yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó nílò rẹ̀ jù.

Ẹ máa bi mí léèrè ohun tí mo ṣe fún màmá mi. Mi ò ra ẹ̀rọ kankan. Mo to tìmùtìmù méjì sórí àga tó le kí ìjókòó lè ga, mo ní kí wọ́n ká apá méjèèjì sáyà, kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì rọra jókòó. Jíjókòó díẹ̀díẹ̀ yẹn ni mo tẹnu mọ́ jù. Ìdànrè kékeré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lè ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì bú mi. Lọ́jọ́ kejì ara ro wọ́n, wọ́n bú mi sí i. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹwàá láìsinmi, mo yọ tìmùtìmù kan. Oúnjẹ wọn náà yí padà, nítorí ẹ̀kọ mímu ni a ń fún wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ bí ẹni pé eyín wọn ti tán. A fi ẹyin, ẹja àti mọ́ínmọ́ín kún un, torí bíríkìlà kì í fi omi lásán mọ ilé. Ó gbà wá ní oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan, mo dé láìsọ tẹ́lẹ̀, mo bá wọn ní ìdúró ní kíṣìnì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ní kí n kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ àwọn.

Ẹni tí àyà ń dùn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán léegun, kó kọ́kọ́ rí dókítà tàbí àwa oní-fisiotẹ́rápì. Kí aláàárẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde náà má fi ipá ṣe é, kó sì máa mumi dáadáa. Bí ìtọ̀ bá ń dúdú bí kóòkì lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Alága yóò ní ká dìde láìpẹ́ kọ orin orílẹ̀-èdè. Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn: mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ sáré wá fa àwọn àgbà yìí lápá sókè. Ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ ṣọ́ wọn kí wọ́n má ṣubú. Ẹni tó bá lè dá dìde, ẹ jẹ́ kó dá dìde, kódà bí ẹsẹ orin àkọ́kọ́ bá parí kó tó nàró.